Máòsì Géèmù Tí Mi Ò Fọkàn Tán

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́ fún yín, kí ẹ má baà sọ lọ́jọ́ iwájú pé mo tàn yín. Èmi a máa fura. Tí mo bá ra búrẹ́dì, mo máa kọ́kọ́ yí i po kí n wo abẹ́ rẹ̀. Tí ẹnì kan bá yìn mí láàárọ̀, títí di ọ̀sán ni màá máa ro ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Bísọ́lá, ọmọ mi obìnrin, máa ń sọ pé ọjọ́ tí mo bá dé ẹnubodè ọ̀run, màá ní kí áńgẹ́lì tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí ná. Mo ní kí ló burú níbẹ̀?

Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ni mónógíráàmù, ìyẹn ni pé kí a máa fi máṣíìnì kó ọnà sára aṣọ: orúkọ, òdòdó, báàjì ilé ìwé, àgbélébùú. Òkòkòmáìkò ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan wá bá mi, ó ní òun ń rò ó bóyá kóun kọ́ iṣẹ́ yìí tàbí kóun lọ kọ́ irun ṣíṣe. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí mo fura pé òun nìkan kọ́ ló ń rò ó.

Ìlaro ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìbà Estate ni mo dé sí nígbà tí mo parí ìwé mi, òun ló sì mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ará Ọ̀yọ́ ni ọ̀gá náà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Bàbá Olówùú nítorí òwú oríṣiríṣi tó so kọ́ ara ògiri. Ẹ jẹ́ ká fo ọ̀rọ̀ àdéhùn àti owó ìkọ́ṣẹ́. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló san án, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Ọkùnrin náà le. Tí aṣọ àdúrà bá wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀bù, ìbáà ṣe oníbàárà, ìbáà ṣe lándíọ́ọ̀dù, torí àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà sí aṣọ yẹn. Kó tó jẹ́ kí a fọwọ́ kan sùtánà kan, ó máa ní ká na ìka wa síwájú imú òun. Tó bá gbóòórùn epo pupa, ìta lo máa wà títí tí wọ́n á fi ti ṣọ́ọ̀bù. Máṣíìnì ìgbà yẹn, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Ọwọ́ méjèèjì lo fi ń yí aṣọ, orúnkún ọ̀tún lo fi ń ti irin kan tó ń sọ bí ọnà ṣe máa fẹ̀ tó. Tí ó bá ti rẹ orúnkún rẹ, òdòdó rẹ máa rù.

Ohun tó le jù nínú gbogbo ohun tó kọ́ wa ni pé á ní kí o jókòó kọjú sí ògiri, kí o kẹ̀yìn sí máṣíìnì, òun á wá máa rán nǹkan lọ.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" lá máa bi ọ́.

"Òwú ìsàlẹ̀ ti fẹ́ tán, sà."

"Irọ́ ni. Gbọ́ ọ dáadáa."

"Abẹ́rẹ́ ti kújú, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé o wá rí i pé o kì í ṣe adití."

Tó o bá ṣì í, á gbé aṣọ àlòkù kan fún ọ pẹ̀lú abẹ, kí o máa tú gbogbo ọnà ara rẹ̀ láìjẹ́ kí aṣọ náà ya. Mo tú ọnà títí mo fi ń rí òwú lójú àlá. Mo rò nígbà yẹn pé ìwà ìkà ni. Ẹ máa wò mí, mo ṣì fura pé ìwà ìkà wà níbẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ ti gún mi. Ọmọ ogun ojú omi kan láti Navy Town wá gba ṣẹ́ẹ̀tì tó ní ká kọ orúkọ sí. Ó ga, aṣọ rẹ̀ funfun báláú, ó sì kí wa bí ẹni pé ó mọ̀ wá tipẹ́. Mo gbójú sókè wò ó, orúnkún mi ò sì kúrò lára irin. Gbà! Abẹ́rẹ́ wọlé láti orí èékánná ìka ìfábẹ̀lá mi, ó jáde lábẹ́. Mo pariwo. Bàbá Olówùú sáré dé, aṣọ ló kọ́kọ́ gbé.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ kàn án?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. O lè máa sunkún báyìí."

Ìka náà ò tẹ̀ dáadáa mọ́ títí dòní. Ó nà jáde díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ní ti ọmọ ogun náà, òun ni bàbá Bísọ́lá. Mo fura sí i fún ìgbà pípẹ́ kí n tó gbà fún un, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó máa ń sọ pé òun ò rí ìwé àṣẹ tó ṣòro gbà bíi ẹ̀rín mi rí.

Mo ṣe fúrídọ́ọ̀mù, mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo ṣiṣẹ́, mo jẹun. Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn náà. Bísọ́lá dàgbà sídìí máṣíìnì mi, ó kọ́ṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, nígbà tó yá àwa méjèèjì la jọ ń ṣe é. Òun ló mú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wá.

"Màmá, àwọn èèyàn ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní máṣíìnì oníkọ̀ǹpútà. Àwọn oníbàárà wa ń dín kù."

"Máṣíìnì tó ń dá rán nǹkan, tí èèyàn kàn jókòó tì í? Ta la máa bá wí tó bá bàjẹ́?"

"Ẹ̀yin náà, Màmá. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin náà la máa bá wí."

A rà á ṣáá. Ẹ̀rọ ńlá ni, abẹ́rẹ́ rẹ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń pààrọ̀ òwú fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, mo dúró tì í pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mo ní tó bá fẹ́ ya wèrè, màá gé gbogbo òwú rẹ̀. Kò ya wèrè. Ó rán òdòdó tó dán ju tèmi lọ, inú bí mi.

Ohun tí mo wá rí nígbà tó yá ni pé ẹ̀rọ yẹn ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó ya ọnà sórí kọ̀ǹpútà ló mọ̀ ọ́n. Bó ṣe rí nìyí: o máa fi máòsì tẹ ojú kọ̀ǹpútà níbi tó o bá fẹ́, ibi tó o bá tẹ̀ gan-an ni abẹ́rẹ́ máa gún. Tẹ̀ níbí, tẹ̀ lọ́hùn-ún, títí àgbélébùú á fi jáde. Mo ní háà, iṣẹ́ mi náà ṣì nìyí. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ya ọnà nìyẹn, Bísọ́lá wá ń bójú tó ẹ̀rọ. Àwọn aláṣọ funfun láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìbà ń béèrè àgbélébùú tí Màmá Mónógíráàmù bá yà, torí igun tèmi máa ń mú ṣáṣá.

Máòsì tó bá kọ̀ǹpútà wá ló ń yọ mí lẹ́nu. Ó pẹlẹbẹ, ó kéré, ìka mi tí kò tẹ̀ yìí ń ro mí tí mo bá ti lò ó fún ìgbà díẹ̀. Bísọ́lá ní irú kan wà tí àwọn tó ń gbá géèmù ìbọn máa ń lò, bọ́tìnnì pọ̀ lára rẹ̀, àtàǹpàkò á lè máa ṣe ohun tí ìka kò lè ṣe. A bá gbéra, ó di ọjà Àlàbá.

Ọkùnrin tó ń tà á, ọmọ Íbò ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara ju ti ọmọ mi lọ. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ mú mi fura. Ó gbé máòsì kan jáde, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, máòsì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná, pupa, búlúù, aláwọ̀ ewé.

"Kí ló dé tó ń tan iná?"

"Ẹwà ni, Màmá."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́?"

Mo gbé e, ó wúwo. Mo mì ín létí mi. Mo ní irin ni wọ́n kó sínú rẹ̀ kí a lè rò pé nǹkan gidi ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní lóòótọ́ ni, irin wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń gbá géèmù fẹ́ kó wúwo. Ẹ ò rí nǹkan! Ó jẹ́wọ́, síbẹ̀ mi ò gbà á gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan hàn wá. Méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ fún àtàǹpàkò. Ọ̀kan wà láàárín tó ń mú kó yára. Ó wá fọwọ́ kan kékeré pupa kan tó wà létí bọ́tìnnì ńlá.

"Màmá, ẹ kíyè sí eléyìí. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ṣiṣẹ́. Ìbọn ni wọ́n fi ń yìn."

Mo ní ẹnu ọlọ́jà nìyẹn, ó fẹ́ kí n rò pé mo ń ra mẹ́ta lówó ẹyọ kan. Mi ò tiẹ̀ wo ibi tó ń tọ́ka sí. Òun náà la rà ṣáá, torí òun ni owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo èyí tó tò síbẹ̀.

Mo máa sọ òótọ́ fún yín nípa máòsì yẹn. Ó bá mi lára mu. Bísọ́lá ṣètò rẹ̀ débi pé tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tí mo ṣì á pa rẹ́, tí mo bá tẹ èkejì, iṣẹ́ náà á tóbi lójú mi. Ìka mi wá ń sinmi. Mo ya ọnà láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀ láìsí ìrora. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo gbádùn rẹ̀. Mo fi pílásítà bo iná rẹ̀, iná náà ń yọ láti abẹ́ pílásítà. Tí a bá fẹ́ pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo máa fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀.

"Màmá, kò ní sá lọ," ni Bísọ́lá máa ń wí.

"Èmi kọ́ lo máa sọ ìyẹn fún."

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwà rẹ̀ hàn. Kẹ̀kẹ́ kékeré orí rẹ̀ tí a fi ń yí ojú ìwé sókè sódò á gbé e sókè nígbà tí mo bá yí i sódò. Okùn rẹ̀ tú bí irun tí wọ́n dì tipẹ́. Èyí tó burú jù ni rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yọ́, ó wá ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹ̀bà tí omi pọ̀ jù. Mo fi kẹrosíìnì nù ún, ó tún burú sí i. Mo bá sún ọwọ́ mi síwájú díẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ mi má baà kan ibẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.

Ọdún yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan lójú ọ̀nà Ìbà gbé sùtánà wá fún wa. Wọ́n fẹ́ fi òróró yan àwọn kan, gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn ló gbọ́dọ̀ ní àgbélébùú oníràwọ̀ láyà. Bàbá Olùṣọ́, ìyẹn olórí ìjọ náà, fúnra rẹ̀ ló wá. Aṣọ náà fẹ́lẹ́, ó dára. Mo jókòó, mo ya àgbélébùú tí mi ò ya irú rẹ̀ rí, Bísọ́lá rán an. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, ó dán. Bàbá Olùṣọ́ gbà á, ó súre fún wa, ó lọ.

Àṣà wọn ni pé kí wọ́n fọ aṣọ náà kí wọ́n sì gbàdúrà sí i kí ẹni tó ni ín tó wọ̀ ọ́. Wọ́n kó wọn sínú omi lójú ìjọ. Àgbélébùú àkọ́kọ́ já bọ́ kúrò láyà aṣọ, ó rì sísàlẹ̀ abọ́ ńlá tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Odindi rẹ̀ ló já, ó wá ku ihò tó rí bí àgbélébùú lára aṣọ. Wọ́n fa ti ẹlòmíràn wò, ó ń bọ́ náà.

Bàbá Olùṣọ́ dé ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́sẹ̀ lásán, wọ́n gbé abọ́ náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú omi àti gbogbo ohun inú rẹ̀.

"Màmá Mónógíráàmù, kí lẹ ṣe fún wa yìí? Àgbélébùú já bọ́ lójú ìjọ! Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé Ọlọ́run ò pe àwọn èèyàn náà. Ìyá kan wà nínú wọn tó ti ń sunkún láti àná."

Mo mú aṣọ kan jáde nínú omi, mo na ihò náà sójú iná.

"Ọwọ́ ọ̀tá wà níbẹ̀," Bàbá Olùṣọ́ wí. "Ẹ gba ààwẹ̀."

"Bàbá, ọ̀tá wo ló mọ bí wọ́n ṣe ń ya àgbélébùú lórí kọ̀ǹpútà?"

"Ọ̀tá mọ gbogbo nǹkan, Màmá."

A tọrọ àforíjì, a ní a máa ra aṣọ mìíràn, a máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí èyí bá tún já, òun ò ní lè fi òróró yan ẹnikẹ́ni, òun á sì sọ fún gbogbo ìjọ tó wà lágbègbè kí wọ́n má gbé aṣọ wá fún wa mọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bísọ́lá fa àga sún mọ́ mi. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ rọ̀. Ohùn rírọ̀ yẹn ló pa mí lára jù.

"Màmá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ti ń wo ọwọ́ yín. Ó ti ń gbọ̀n. Ẹ ti dàgbà. Láti òní lọ, ẹ jẹ́ kí èmi máa ya iṣẹ́, kí ẹ̀yin máa bá wa gé òwú."

Gígé òwú! Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣe nìyẹn. Èmi tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó bí i. Ó dùn mí dé egungun. Tí mo bá kúrò lórí àga yẹn, mo mọ̀ pé wọn ò ní dá mi padà síbẹ̀ mọ́. Wọ́n á máa bọ̀wọ̀ fún mi, wọ́n á máa ra mínírà fún mi, ìgbà mi á sì ti parí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo fura sí iná ìjọba tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo fura sí aṣọ. Mo fura sí sitéè, ìyẹn bébà tí a ń fi sẹ́yìn aṣọ kó lè le. Mo fura sí abẹ́rẹ́ tuntun tí a rà. Kí n má parọ́ fún yín, mo fura sí Bísọ́lá fúnra rẹ̀, mo ní bóyá ó ti fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò gbà ni pé ọwọ́ mi ni. Mo na ọwọ́ síwájú ojú mi nínú yàrá, mo wò ó. Kò gbọ̀n. Tàbí ó gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tí inú ń bí.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Bísọ́lá fi àwòrán yẹn gan-an rán àkísà kan. Mo gbé àga mi, mo kọjú sí ògiri, mo kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ṣáà tan ẹ̀rọ."

Ó tàn án. Ẹ̀rọ náà ń lọ geere, geere, ó wá dé igun kan, ó ní gbá-gbá-gbá. Ó tún lọ geere, ó tún ní gbá-gbá-gbá. Kì í rìn nígbà tó bá ń ṣe gbá-gbá-gbá yẹn. Ojú kan ló dúró sí.

"Dá a dúró! Ó ń gún ojú kan náà léraléra. Ó ń lu aṣọ ni, kò rán nǹkan kan."

Bísọ́lá lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó mú kí àwòrán náà tóbi, ó tún mú kó tóbi sí i. Ibi tí a ti rò pé àmì kan ló wà, àmì mẹ́ta ló gun ara wọn. Gbogbo etí àgbélébùú náà ló rí bẹ́ẹ̀ yí po. Abẹ́rẹ́ ti gún un títí ó fi rí bí etí sítáǹpù. Sitéè ẹ̀yìn nìkan ló gbé e dúró, nígbà tí sitéè sì rí omi, ó rọ̀.

"Màmá, ta ló fi mẹ́ta síbẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín lé e bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

Mo gbé ọwọ́ lé máòsì náà, níwájú díẹ̀, nítorí rọ́bà tó ń lẹ̀ yẹn. Bísọ́lá tẹ̀ ba, ó wo ìka mi láti ẹ̀gbẹ́. Ìka mi tó nà jáde ò sí lórí bọ́tìnnì ńlá. Orí kékeré pupa ló wà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àmì mẹ́ta bọ́ sójú kọ̀ǹpútà.

"Yéè!" Bísọ́lá pàtẹ́wọ́. "Màmá! Ọkùnrin Àlàbá ọjọ́sí sọ ọ́! Ó sọ ọ́ fún wa!"

"Ó sọ ọ́," mo ní. "Ta ló máa mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ?"

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ní kí n má bínú, pé òun ti sọ pé ọwọ́ mi ni. Mo jókòó sórí àga mi padà, mo sì ní kó lọ ra súpágílù wá. Mo fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ bọ́tìnnì pupa yẹn jáde bí ẹni ń yọ ẹ̀gún, mo fi súpágílù dí ihò rẹ̀. Omijé wà lójú mi, ayọ̀ ni.

Mo ya gbogbo àgbélébùú náà lọ́tun. Kí a tó kó wọn fún Bàbá Olùṣọ́, èmi fúnra mi ni mo fi omi fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀, mo fà á, mo lọ́ ọ, mo fún un. Kò sí èyí tó já. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ máòsì fún un. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó mi orí.

"Ṣé ẹ rí i, Màmá? Mo sọ pé ọwọ́ ọ̀tá wà níbẹ̀. Inú máòsì ló wà."

Ó yọ ìgò omi àdúrà jáde kó wọ́n ọn sí i. Mo sáré fọwọ́ bo máòsì, mo ní Bàbá, iná mànàmáná ló wà nínú rẹ̀, ẹ fún mi lómi náà kí n mu ún. Wọ́n ṣe ìfòróróyàn náà. Ìyá tó ń sunkún yẹn wá kí wa pẹ̀lú sùtánà rẹ̀ lọ́rùn, lẹ́sẹ̀ lásán, inú rẹ̀ dùn, ó jó níwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ pé máòsì ló jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọjọ́ orí létí mi.

Mo lo máòsì yẹn pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bísọ́lá ní ká jù ú nù, mo ní rárá. Èyí tí mo ti mọ ìwà ọ̀daràn rẹ̀ yìí sàn fún mi ju tuntun tí mi ò tíì mọ tiẹ̀ lọ. Mo ń ṣọ́ ọ, òun náà ń ṣọ́ mi. Láàárọ̀, kí n tó ya nǹkan kan, mo máa ń fi dán igun kan wò, kí n ka àmì tó bọ́ sílẹ̀. Tí nǹkan bá wọ́, òun ni mo kọ́kọ́ ń bi léèrè, mo sì sábà máa ń rí i pé òun ni.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ kékeré ló wà nílẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ kí a kọ orúkọ ọmọ tuntun sára aṣọ ìbora rẹ̀, kí a sì fi òdòdó yí i ká. Òbìrí kan, ìyẹn ìlà roboto, ni mo kọ́kọ́ ní láti yà kí àwọn òdòdó náà lè tò sára rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, Bísọ́lá ti lọ gbé iṣẹ́ fún oníbàárà kan ní Ọ̀jọ́. Mo yà á, òbìrí náà rí gbágungbàgun. Mo pa á rẹ́. Mo tún un yà, ó tún rí bẹ́ẹ̀.

Mo ní, ìwọ ọ̀daràn yìí, o tún ti dé. Mo yí i dojú bolẹ̀, mo nu ojú rẹ̀, mo wo súpágílù, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo yà á, kò tọ́. Mo wá máòsì pẹlẹbẹ ìjọ́sí jáde nínú dúrọ́ọ̀ kan, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo fi yà á. Kò tọ́. Mo nu tábìlì. Mo mú ìjókòó mi sún mọ́ ọn. Kò tọ́.

Mo bá mú bébà. Mo mú pẹ́ńsù. Pẹ́ńsù kò ní bọ́tìnnì, kò ní iná, kò ní irin nínú. Mo ya òbìrí kan sórí bébà bí mo ṣe ń yà á láti ọ̀dọ̀ Bàbá Olówùú.

Gbágungbàgun lòun náà rí. Ẹ̀rù bà mí. Mo wò yí ká ṣọ́ọ̀bù, mò ń wá ẹni tí màá fura sí, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ àfi èmi.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí Bísọ́lá wọlé. Ó rí ojú kọ̀ǹpútà. Ó rí máòsì méjèèjì. Mo ti fi ọwọ́ bo bébà náà, ṣùgbọ́n mi ò rò pé mo tètè bò ó. Ó tẹ̀ ba láti ẹ̀yìn mi, ó so máòsì géèmù náà padà, ó fà á yí lẹ́ẹ̀kan, ó sì tètè pa ohun tó yà rẹ́. Mo rí i kó tó pa á rẹ́. Òbìrí náà tọ́, ó dán bí ojú abọ́ tánganran.

"Màmá," ó ní, "máòsì yìí mà ti bàjẹ́ pátápátá."

Mo yíjú wò ó. Ọmọ tí mo bí, tí mo tọ́, tó rò pé òun lè parọ́ fún èmi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò, Màmá. Òun ni. Kò sí nǹkan mìíràn."

"Mo ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí a ti rà á. Ẹ ò gbọ́."

"Ẹ sọ ọ́, Màmá. Àwa la ò gbọ́."

Mo dìde lórí àga náà, mo ní kó jókòó. Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé máòsì tó ti bàjẹ́ yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya orúkọ ọmọ náà.